Ẹ Pín Èrè, Ẹ Má Pín Ẹ̀rọ

Ní Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú ti ń jáde tọ̀sán-tòru, iṣẹ́ ẹbí ni ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé. Bàbá ló ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord, ìyá ló ń gbowó, àbúrò ló ń gé bébà, àwọn ọmọ a sì máa ká a, wọn a máa lẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá ti ilé ìwé dé. Kò sẹ́ni tó ń kọ owó oṣù ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù náà ni owó ọbẹ̀.

Ọjọ́ tí bàbá bá kú ni wàhálà ń dé. Bí kò bá fi ìwé ìpíngún sílẹ̀, ìdí-igi ni wọn yóò fi pín ogún rẹ̀ nílànà àṣà Yorùbá: iye ìyàwó tó bímọ ni iye ìpín. Ẹjọ́ ogún Suberu Dawodu, ẹni tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láìkọ ìwé ìpíngún, parí sí ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1962. Ilé ẹjọ́ náà ní ìdí-igi náà ni, àfi bí olórí ẹbí bá rí i pé orí-ò-jorí, ìyẹn kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tó dọ́gba, ló máa parí ìjà.

Kò sí àbùkù níbẹ̀ bó bá jẹ́ ilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ìdí-igi kan fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń gé bébà ṣe nígbà tí Kord wà lọ́wọ́ ìdí-igi kejì? Kí wọ́n tó parí ìjà, oníbàárà ti gba ibòmíràn lọ.

Ti ọmọ tó dúró ti bàbá ló dunni jù. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń po íǹkì, ó mọ oníbàárà tó ń jẹ gbèsè, kò sì gba owó oṣù rí. Lọ́jọ́ pínpín, iye kan náà ló lè kan òun àti ẹni tó ti ìlú òyìnbó wọlé wá sìnkú. Ta ni yóò rí èyí tí yóò tún ṣiṣẹ́ fún bàbá lọ́fẹ̀ẹ́?

Ọ̀nà àbáyọ wà: CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, ti gba ẹnì kan ṣoṣo láàyè láti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Orúkọ okòwò lásán kọ́ o, Limited ni. Ilé-iṣẹ́ ni yóò ni Kord, ṣíà ni àwọn ọmọ yóò pín, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yóò sì gba owó oṣù kí wọ́n tó pín èrè. Àwọn kan á ní irú ọ̀rọ̀ yìí ń pe ikú wọlé. CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kì í kúkú béèrè ọjọ́ ikú ẹnikẹ́ni lórí fọ́ọ̀mù.