Ìwé Ẹ̀rí Kì í Se Ọbẹ̀

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà tí kò mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ oúnjẹ sísè, ńṣe ni àwọn aláṣẹ wa máa ń ṣe bí ẹni pé ọbẹ̀ lè dùn láìná kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí èmi náà pín nínú ẹ̀bi rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé ìròyìn, wọ́n rán mi lọ síbi ayẹyẹ ìṣílé kan ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe kan. Ilé ìdáná tuntun ni wọ́n fẹ́ ṣí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa oúnjẹ àti ìtọ́jú àlejò. Ìlù ń dún, àwọn èèyàn pàtàkì gé ríbọ́ọ̀nù, sítóòfù onígáàsì mẹ́fà sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ọ̀rá tí wọ́n fi dì wọ́n wá ṣì ń dán lára wọn. Mo kọ ìròyìn náà, ó jáde tòun ti àwòrán. Ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, iṣẹ́ mìíràn tún gbé mi gba ibẹ̀. Ọ̀rá ṣì wà lára mẹ́rin nínú sítóòfù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò sí gáàsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló dáwó ra tòmátì àti epo. Ogún èèyàn yí sítóòfù oníkẹrosíìnì kan ká, ẹnì kan ń ro ọbẹ̀, àwọn mọ́kàndínlógún yòókù ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mo bi olùkọ́ wọn léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní, "Ọ̀gá oníròyìn, ẹnu la fi ń sè é." N kò kọ ìyẹn sínú ìwé ìròyìn. Ìṣílé ni mo kọ, n kò kọ ọ̀rá.

Ẹ jẹ́ kí á wo ibòmíràn. Ní 1946, lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan bẹ̀rẹ̀ ní ìlú New Haven, ní ìpínlẹ̀ Connecticut lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ogun tó ń ti ojú ogun bọ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ọwọ́ kọ́. Obìnrin méjì ló wà nídìí rẹ̀: Frances Roth, agbẹjọ́rò tó di olùdarí àkọ́kọ́, àti Katharine Angell, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ wọn kò ju mẹ́ta lọ: alásè kan, ẹnì kan tó ń ṣe búrẹ́dì, àti onímọ̀ kan nípa oúnjẹ aṣaralóore. Ní 1951 ni orúkọ rẹ̀ di Culinary Institute of America. Ní 1972, ó kó lọ sí Hyde Park, létí odò Hudson ní ìpínlẹ̀ New York, sínú ilé ńlá tí àwọn àlùfáà Jesuit ti ń kẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀. Ní 1995, ó la ẹ̀ka sí California, nínú ilé olókùúta tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì nígbà kan rí.

Kí ló wà nínú ilé ẹ̀kọ́ náà? Ilé ìdáná ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹran àti ẹja kíkun yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ búrẹ́dì. Ilé ìkàwé tirẹ̀ sì kún fún ìwé oúnjẹ láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Ní pàtàkì jù lọ, àwọn ilé oúnjẹ wà nínú ọgbà náà tí ará ìlú ń wọ̀, tí wọ́n ń sanwó, tí wọ́n sì ń jẹun. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sè é, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń gbé e síwájú oníbàárà. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ẹni tó fowó rà á ni yóò sọ fún wọn. Kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná gidi lóde.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Amẹ́ríkà lówó ni." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ àti olùkọ́ mẹ́ta kì í ṣe ọrọ̀ Sólómọ́nì. Àwọn ọmọ ogun yẹn kì í ṣe olówó. Òfin kan tí ìjọba wọn ṣe ní 1944 ló la ọ̀nà tí ìjọba fi ń san owó ẹ̀kọ́ àwọn tó ti ogun dé. Àwa náà kò sì pẹ́ bẹ̀rẹ̀: ní 1947, ọdún kan péré lẹ́yìn tiwọn, ni a dá ilé ẹ̀kọ́ gíga ti Yábàá, Yaba College of Technology, sílẹ̀ ní Èkó. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni kí á náwó sí i lẹ́yìn ọjọ́ ìṣílé.

Àwọn mìíràn yóò bi mí pé, "Ìyá wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó mọ ẹ̀fọ́ rírò ni?" Rárá o. Ṣùgbọ́n ìyá wa kò kọ́ ọ láìsí iná. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ló ti kọ́ ọ, ọjọ́ dé ọjọ́, lábẹ́ ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ẹni tó sọ pé ẹ̀kọ́ oúnjẹ kò nílò ilé ìdáná kò tíì mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe. Yàtọ̀ sí èyí, ọbẹ̀ èèyàn mẹ́jọ kọ́ ni ọbẹ̀ èèyàn ẹgbẹ̀rin. Ìṣirò owó ọjà, ìmọ́tótó, bí a ṣe ń tọ́jú ẹran kí ó má baà bàjẹ́: ẹ̀kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kódà irú tí a ń fi sínú ọbẹ̀, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wà nínú bí igbá ṣe ń di irú. Ilé ẹ̀kọ́ wa ló yẹ kí ó kọ́kọ́ kọ ìyẹn sílẹ̀, kí ó tó kọ́ ọmọ wa bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Èkíní, kí owó gáàsì àti owó ọjà wà nínú ètò ìnáwó ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún, kí wọ́n yé fi í sọ́rùn akẹ́kọ̀ọ́. Èkejì, kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí ní ilé oúnjẹ kan tí ará ìlú lè wọ̀, kí owó tó bá wọlé sì padà sínú ìkòkò. Ẹ̀kẹta, àjọ NBTE tí ó ń yẹ àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe wò: ẹ̀yin ọ̀gá wa, tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má kàn ka sítóòfù. Ẹ ní kí wọ́n tan án.

Ẹ̀yin òbí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ má wo pátákó ojú ọ̀nà, ẹ má sì wo àwòrán aṣọ funfun. Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ sí ilé ìdáná. Bí ó bá tutù ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹ mú ọmọ yín, kí ẹ máa lọ.

Ní tèmi, ìròyìn tí n kò kọ nígbà náà ni mo kọ lónìí yìí.