Ohùn Ṣáájú Àwòrán

Bí ilé-iṣẹ́ kékeré tí ń tẹ ìwé Yorùbá bá fẹ́ fi fídíò polówó ìwé tuntun, kámẹ́rà olówó ńlá ni ojú ọ̀gá kọ́kọ́ ń wò. Àṣìṣe ni. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ilé-iṣẹ́ tí ó fara balẹ̀ fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ nínú ìwé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ariwo jẹnẹrétọ̀ pa àwọn àmì náà rẹ́ nínú ìpolówó.

Fóònù ọwọ́ akọ̀wé tó fún àwòrán. iPhone 5s ni Sean Baker fi ya fíìmù Tangerine tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2015, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi gba ohùn. Nítorí náà, máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ àyà aṣọ ni kí owó kọ́kọ́ bá lọ; igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí yóò gbé fóònù dúró ni kí ó tẹ̀ lé e. Iná ńkọ́? Fèrèsé kò gba kọ́bọ̀, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kò bá ti kẹ̀yìn sí i. Kí wọ́n pa fáànù, kí wọ́n sì gbọ́ ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ kí wọ́n tó gba ìyókù.