Kò Yẹ Kí A Máa Kọ Orúkọ Ọmọ ní Ìkọkúkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀ orúkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré láàrin àwa Yorùbá. Bí a bá bí ọmọ, ní ọjọ́ kẹjọ ni ẹbí yóò péjọ. A ó gbé omi tútù, oyin, iyọ̀, obì àti orógbó kalẹ̀, a ó sì fi wọ́n wúre fún ọmọ náà kí a tó pe orúkọ rẹ̀ síta. Baba yóò sọ tirẹ̀, ìyá yóò sọ tirẹ̀, ìyá àgbà pàápàá yóò ju owó sílẹ̀, yóò sì sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, orúkọ tí a fi gbogbo ètò yìí sọ kì í pẹ́ di nǹkan mìíràn lórí ìwé. Adé ti di ‘Hardey’, Ọlá ti di ‘Horlar’, Ayọ̀ ti di ‘Ahyor’, Fẹ́mi sì ti di ‘Phemmy’. Láàrin àwọn ọ̀dọ́ ni àṣà yìí ti gbilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òbí mìíràn ti ń kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ wọn. Ní tèmi o, àṣà náà kò dára, ó sì yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀.

Lọ́nà kìíní, orúkọ Yorùbá kì í ṣe ariwo lásán. Ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ ni. Ọlámidé ni ‘ọlá mi dé’. Bánkọ́lé ni ‘bá mi kọ́ ilé’. Táíwò ni ‘tọ́ ayé wò’, nítorí ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ni pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ni ó sì rán Táíwò ṣíwájú láti wá wo bí ayé ti rí. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè wa, tí ó sì rí àwọn orúkọ wọ̀nyí bí ó ti yẹ kí a kọ wọ́n, yóò mọ ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn òbí ní ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n kí ni ìtumọ̀ ‘Horlarmhidey’? Kò sí ẹni tí ó lè tú u. Kò sí ‘horlar’ nínú èdè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí i nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí àwọn lẹ́tà àlejò wọ̀nyí ti wá. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti bí a ti ń kọ́ ọ ní ilé ìwé wa, a kì í pe lẹ́tà r bí ó bá tẹ̀lé fáwẹ̀lì tí kò sì sí fáwẹ̀lì mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ‘or’ ń dún létí wa bí ọ, ‘ar’ sì ń dún bí a. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó fẹ́ kọ Ọlá fi kọ ‘Orlar’; lẹ́yìn náà ni ó wá ki h mọ́ ọn níwájú, bí ẹni tí ó dé fìlà lé fìlà. Ṣùgbọ́n nínú èdè Yorùbá, lẹ́tà tí a bá kọ ni à ń pè, àfi n tí ó ń fi fáwẹ̀lì àránmúpè hàn. Bí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó mọ ABD rẹ̀ bá rí r, r ni yóò pè. Lẹ́tà 25 ni ó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa: ẹ wà níbẹ̀, ọ wà níbẹ̀, ṣ náà wà níbẹ̀. Kí ni a ń wá lọ sí ilé aládùúgbò láti tọrọ ohun tí ó wà nínú àká wa?

Lọ́nà kejì, bí a bá ti sọ ọwọ́ wa di ọwọ́ ìkọkúkọ, a kò ní mọ ìyàtọ̀ láàrin ire àti ibi mọ́. Àmì kékeré kan tó láti yí ọ̀rọ̀ padà. Ọlá yàtọ̀ sí ọlà, ọlà sì yàtọ̀ sí ọ̀la: ti àkọ́kọ́ jẹ mọ́ iyì, ti èkejì jẹ mọ́ ọrọ̀, ti ẹ̀kẹta ni ọjọ́ tí ó tẹ̀lé òní. Ẹ tún wo Bánkọ́lé. Bí a bá yọ àmì abẹ́ ọ kúrò, Bánkólé ni ó kù, ìyẹn ni ‘bá mi kó ilé’. Baba tí ó ń gbàdúrà pé kí ọmọ bá òun kọ́ ilé ti wá di ẹni tí ń pe ọmọ rẹ̀ sí iṣẹ́ olè! Bí àìfi àmì sí i nìkan bá lè ṣe báyìí, kí ni kí a wá sọ nípa ẹni tí ó kó h, r àti y jọ sínú orúkọ kan ṣoṣo?

Mo mọ̀ pé àwọn tí ó fara mọ́ àṣà yìí ní àwíjàre tiwọn. Wọ́n ní àwọn baba wa náà kọ ‘Shola’ àti ‘Oshogbo’, kò sì sí ẹni tí ó bá wọn wí. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìlànà ni àwọn baba wa ń tẹ̀ lé. Ní ọdún 1875, ìjọ C.M.S. ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Ní ọdún 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò títí di òní, ‘aiye’ di ayé, ‘enia’ sì di ènìyàn. Ohun kan náà ni a ń wá ní ìgbà méjèèjì: kí ohun tí ẹnì kan bá kọ ní Abẹ́òkúta ṣeé kà fún ẹni tí ó wà ní Ìlọrin. Gbogbo ẹni tí ó rí ‘Shola’ ni ó mọ̀ pé sh ni ó dúró fún ṣ. Àwọn ẹ̀yà wa ní ilẹ̀ Benin pẹ̀lú ń kọ Babátúndé ní ‘Babatoundé’, nítorí pé ‘ou’ ni èdè Faransé fi ń kọ u, kò sì sí ẹni tí ó kàwé níbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìkọkúkọ tòde òní kò ní ìlànà kankan. Bí Ayọ̀ mẹ́ta bá wà ní kíláàsì kan, ọ̀kan lè kọ ọ́ ní ‘Ahyor’, èkejì ní ‘Haryo’, ẹ̀kẹta ní ‘Ayoh’.

Wọ́n tún ní orúkọ ti wọ́pọ̀ jù, pé àwọn fẹ́ kí ti ọmọ àwọn dá yàtọ̀. Èyí yà mí lẹ́nu. Ṣé orúkọ tán nílẹ̀ Yorùbá ni? Orúkọ àmútọ̀runwá wà, bí Ìgè, Dàda àti Òjó. Oríkì wà, bí Àjọkẹ́, Àṣàkẹ́ àti Àkànní. Ilé onílù ní Àyàn, ilé ọlọ́nà ní Ọ̀nà, ilé ọdẹ ní Ọdẹ, ilé babaláwo ní Ifá. Ẹni tí ó bá fẹ́ orúkọ tí kò wọ́pọ̀, kí ó wo ilé bí òwe ti wí. Kí ó má wo lẹ́tà. Àwọn mìíràn a sì máa sọ pé ẹ̀rọ kò ní àmì. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní àmì, kí ó kọ ‘Olamide’ bẹ́ẹ̀, a ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni kò jẹ́. Fífi lẹ́tà kún un kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ. Àwọn tẹlifóònù ìsinsìnyí pàápàá ti ní ọ àti ṣ fún ẹni tí ó bá fẹ́ lò wọ́n.

Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa. Ìyá àgbà ni ó sọ àbúrò mi ọkùnrin ní Ọlámidé. Ìyá àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, ó sì ń ka Yorùbá geere. Nígbà tí èsì ìdánwò oníwèé mẹ́wàá àbúrò mi jáde, ó mú un lọ fún ìyá àgbà kí wọ́n jọ yọ̀. Ìyá àgbà wọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka tọ orúkọ tí ó wà lókè, ó pè é títí, ó dákẹ́. Ó ní, “Ọmọ mi, ìwé ta ni wọ́n gbé fún ọ yìí?” Àbúrò mi dáhùn pé, “Tèmi ni, Màmá.” Ìyá àgbà ní, “Orúkọ tí mo fún ọ kọ́ nìyí.” Àbúrò mi ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ‘Horlarmhidey’ sínú fọ́ọ̀mù ìdánwò, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Láti ọdún 2021 ni àjọ JAMB ti ń béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì. ‘Olamide’ ni ó wà lórí nọ́ńbà ti àbúrò mi àti lórí ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀. Nǹkan mìíràn ni ó wà lórí èsì ìdánwò. Ó lọ búra ní kóòtù, ó sanwó kí ìwé ìròyìn lè kéde pé ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì. Kí ó tó parí rẹ̀, ìgbàwọlé ọdún náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Odidi ọdún kan ni lẹ́tà márùn-ún tí kò níṣẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, mo rọ ẹ̀yin òbí pé bí ẹ bá ti sọ ọmọ lórúkọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an bí ó ti tọ́, kí ẹ sì mú ìwé náà lọ́wọ́ bí ẹ bá ń lọ gba ìwé ẹ̀rí ìbí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ pẹ̀lú àmì rẹ̀ kí ó tó mọ orúkọ ẹlòmíràn kọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ fi lẹ́tà ṣeré, ẹ má fi ti inú fọ́ọ̀mù ṣe é.

Ní ìkádìí, Yorùbá ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹni tí ó bá gbàgbé ara rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni à ń pè kí ó lè rántí ilé. Bí àwọn tí ó sọ ọmọ lórúkọ kò bá wá lè ka orúkọ náà mọ́, kí ni wọn yóò fi fà á padà?