Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Ní A Kò Gbọ́dọ̀ Pa



"Ẹ má pa á o, ẹ ṣáà tún un ṣe bẹ́ẹ̀." Kò sí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin tí kò mọ ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ní ṣíìfù òru, nígbà tí ọjà tí wọ́n ń retí láàárọ̀ kò tíì pé. Kí a tó na ọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí a bèèrè: ṣé ẹ̀rọ náà ni kò ṣeé pa, àbí ọ̀gá ni kò fẹ́ pa á?

A kò sọ pé kò sí iṣẹ́ tí iná gbọ́dọ̀ wà kí a tó lè ṣe é. Ẹni tí ó fẹ́ fi mítà wò bóyá iná dé mọ́tò kò lè wò ó nínú òkùnkùn. Ẹ̀rọ tí ń yọ́ rọ́bà, bí a bá pa á lójijì, rọ́bà yóò dì sínú rẹ̀. Òfin Factories Act ti ọdún 1987 pàápàá gbà pé a lè yẹ ẹ̀rọ wò, tàbí kí a fi epo sí i, nígbà tí ó ń yí, bí iṣẹ́ náà kò bá ṣeé ṣe nígbà tí ó dúró. Ọjà tí kò pé fún àárọ̀ ọ̀la kọ́ ni òfin ń sọ.

Ẹ wo ọkọ̀ ojú irin Blue Line tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Mile 2 àti Marina ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, 2023. Irin kẹta tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rẹ̀ ni iná 750 fóòtì ń gbà kọjá. Bí iná bá wà lára rẹ̀, bí kò sì sí, bákan náà ni ó rí lójú.

Ewu tiwa tún ní ti NÉPÀ nínú (orúkọ tí ẹnu wa kò tíì fi sílẹ̀). Iná lọ, ẹnìkan ki ọwọ́ bọ inú pánẹ́ẹ̀lì. Jẹnẹrétọ̀ dá ara rẹ̀ tan, tàbí iná dé. Iná tí ó lọ kì í ṣe iná tí a pa. Kapásítọ̀ pàápàá a máa tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn tí a ti pa súwíìṣì.

Nítorí náà, bí ó bá di dandan kí iná wà, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọwọ́ yóò dé, ohun tí ó lè yí lójijì, ilẹ̀ bóyá ó tutù, ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà sá jáde, àti ẹnìkejì tí yóò dúró ti súwíìṣì láìṣe iṣẹ́ mìíràn. Bí ọ̀kan bá kù, iṣẹ́ kò tíì yá.

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé ọmọ iṣẹ́ ojúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń rán sí irú iṣẹ́ yìí, ẹni tí kò lè sọ pé òun kò ṣe, nítorí wọn lè ní kí ó má padà wá lọ́la. Ohun tí ẹ̀ka wa ń bèèrè ni pé kí ẹni tí ó bá ní a kò gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i. A ti rí i pé ẹ̀rọ púpọ̀ tí "kò ṣeé pa" ni ó máa ń di èyí tí ó ṣeé pa, bí bírò bá ti jáde.

Bí ìpalára bá ṣẹlẹ̀, òfin Employee's Compensation Act ti 2010 ní kí a fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14, kí òun náà sì fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ lẹ́nu nìkan.

Ìwé tí ọ̀gá yóò fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ àwọn aṣojú yín. Ṣíìfù òru ni kí ẹ kọ́kọ́ mú un dé.