Ẹgbẹ́ Kì Í Ṣe Èrò Ọjà: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Apolówó Blockchain ní Ìkẹjà àti Agége

Ọ̀rọ̀ kan ti di àmúlò lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ní Ọ̀tígbà, ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà: "community". Bí ẹnìkan bá dá owó tuntun sílẹ̀ lórí blockchain, kì í kọ́kọ́ wá oníbàárà. "Community" ni yóò kọ́kọ́ wá. Yóò gba ẹni tí yóò máa darí rẹ̀ lórí Telegram tàbí WhatsApp, tí yóò máa kí àwọn ènìyàn ní òwúrọ̀, tí yóò sì máa pín iṣẹ́ kéékèèké fún wọn: ẹ tẹ̀ lé wa níbí, ẹ tún ọ̀rọ̀ wa sọ lọ́hùn-ún, ẹ mú ẹni mẹ́ta wá. Èrè iṣẹ́ náà ni ìpín nínú owó tí kò tíì dé ọjà. Àwọn tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí sí èdè wa ń pè é ní ẹgbẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ bá wọn jiyàn.

Ẹgbẹ́ lójú Yorùbá ní ìyá ẹgbẹ́, ó ní akápò, ó ní ọjọ́ ìpàdé. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ṣòfò, ẹgbẹ́ yóò yọjú. Bí ó bá jẹ gbèsè, a mọ ojúlé rẹ̀. Agége yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ẹgbẹ́ ń jẹ́. Ní 1907 ni àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin kòkó àti obì níbẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀, tí J. K. Coker sì jẹ́ aṣáájú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ oko tó padà sí ìlú wọn láti Agége wà lára àwọn tó gbé ìmọ̀ kòkó kiri ilẹ̀ Yorùbá. Kò sí ẹni tó sanwó fún wọn láti máa pariwo. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń sọ.

Ẹ wá fi wé ohun tí ojú wa rí ní 2024. Àwọn ọmọ tó ti iṣẹ́ òru bọ̀ ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ọba Ákran jókòó sínú ọkọ̀, dípò kí wọ́n sùn, wọ́n ń fi ìka tẹ ojú fóònù láìsinmi. Hamster Kombat ni. Nígbà tí owó náà dé ọjà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọ̀pọ̀ ló kédàárò pé ohun tó kàn wọ́n kò tó owó dátà tí wọ́n ná. Ìyẹn ṣì rọrùn, nítorí ìka àti oorun nìkan ni wọ́n fi ṣòfò.

Ti CBEX kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣèlérí pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tó bá mú ẹlòmíràn wá a máa gba owó lórí rẹ̀, nítorí náà ọ̀rẹ́ pe ọ̀rẹ́, àbúrò pe ẹ̀gbọ́n, n kò sì rò pé ó yọ àwa oníṣẹ̀ṣe sílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2025 owó há sínú rẹ̀. Wọ́n tún wá ní kí àwọn tí owó wọn há mú ọgọ́rùn-ún tàbí igba dọ́là wá kí wọ́n tó lè gba tiwọn padà! Ní Ìbàdàn, àwọn ènìyàn ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n sì kó àga lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kedere: blockchain fúnra rẹ̀ kò parọ́ níbẹ̀. Ó ṣe àkọsílẹ̀ owó tó gba orí rẹ̀ kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì lè pa á rẹ́. Ohun tí àkọsílẹ̀ náà kò lè sọ ni ojúlé ẹni tó gbé owó lọ.

Nígbà tí mo bá ń ronú lórí èyí, Alájọ Ṣómólú ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìtàn tí a ń sọ nípa rẹ̀ ni pé kì í kọ orúkọ sílẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Òun ni a fi ń pa á lówe pé ó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, kẹ̀kẹ́ ló lè gbé e dé ìsọ̀ olúkúlùkù. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni èrè alájọ, tọmọdé tàgbà ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ apolówó owó tuntun pé ìdá mélòó ni àwọn olùdásílẹ̀ ti pín fún ara wọn. Ẹ wo bí yóò ṣe dáhùn.

N kò sọ pé kí a sá fún ẹ̀rọ yìí. Ní oṣù Kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kún Aláúsá, Ìkẹjà, láti tako SARS, àwọn obìnrin Feminist Coalition ń gba owó oúnjẹ, owó ìtọ́jú àti ti agbẹjọ́rò jọ. Ọ̀nà báńkì dí mọ́ wọn, wọ́n sì yà sí Bitcoin. Owó tó wọlé lápapọ̀ lé ní mílíọ̀nù 147 náírà, wọ́n sì ń tẹ ìnáwó wọn jáde kí gbogbo ayé rí i. Wọn kò ṣèlérí èrè fún ẹnikẹ́ni. Ìfọkàntán ti wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé; iṣẹ́ ni wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe.

Ó ku ọ̀kan tó ń bí mi nínú. Àwọn kan ti ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí Odù jẹ́ 256, tí kọ̀ǹpútà náà sì ń ka méjì-méjì dé 256, Ifá ló bí blockchain, nítorí náà kí oníṣẹ̀ṣe ra owó báyìí-báyìí. Òótọ́ ni iye náà. Ṣùgbọ́n ta ló rán wọn láti fi Odù polówó ọjà?

Òfin ìdókòwò tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2025 ti fún SEC lágbára lórí irú owó wọ̀nyí, ó sì fi ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà lélẹ̀ fún ẹni tó bá gbé ètò gbájú-ẹ̀ kalẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí owó bá ti lọ ni òfin sábà máa ń dé. Nítorí náà, mo dá a lábàá pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ polówó irú ètò bẹ́ẹ̀ lórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá sí ìpàdé lójúkojú, kí ó sọ orúkọ rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀, kí ó sọ iye tí wọ́n ń san fún un láti pè wá, kí ó sì fi ìwé àṣẹ SEC hàn. Bí ó bá kọ̀, kí akọ̀wé yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an.