Ẹ Mọ Orúkọ Wọn Kí Ẹ Tó Béèrè Owó Wọn

Bí ilé-ìwé kan bá pé ogójì ọdún, ìgbà náà ló tó máa ń rántí pé òun bímọ. Wọ́n á tẹ lẹ́tà, wọ́n á ki àpòòwé sínú rẹ̀, wọ́n á mú ankárá, wọ́n á wá alága tí yóò fi owó gọbọi ṣí ètò. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bi pé ṣé ó jí ire láti ọjọ́ tó ti kọ WAEC, òun ni wọ́n wá ń dá owó lé lórí nínú WhatsApp. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹlòmíràn á ti yọ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe pé ahun ni. Wọn ò fi í ṣe ọmọ rí, báńkì ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wá owó fún akẹ́kọ̀ọ́, kó wo ohun tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, ṣe. Oṣù Kẹjọ ọdún 1925 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ onílé níbẹ̀ nígbà náà ni kì í fún aláwọ̀ dúdú ní yàrá. Marcus Garvey, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, fún wọn ní ilé kan lò lọ́dún 1928, ṣùgbọ́n ilé tó ní gbèdéke ni. Ṣólàńkẹ́ ò jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù kó máa kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ òkun lọ́dún 1929, ó forí lé ilé, ó sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń bá àwọn ọba, oníṣòwò àti ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀. Ibi tó bá dé, ó ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀. Lójú tèmi, àwọn ẹ̀ka yẹn gan-an ni ọgbọ́n ibẹ̀. Owó tí èèyàn dá lọ́jọ́ kan á tán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti di ọmọ ẹgbẹ́ á tún dá òmíì. Láti 1926 ni wọ́n sì ti ní ìwé ìròyìn tiwọn, tí ẹni tó dá owó fi lè rí ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe. Lọ́dún 1933, wọ́n ṣí ilé wọn ní Camden Road.

Lọ́dún 1934, ilé akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dé, Aggrey House, tí ìjọba amúnisìn wà lẹ́yìn rẹ̀. WASU ò gbà á, torí wọ́n fura pé ẹni tó gbé owó kalẹ̀ ni yóò máa pàṣẹ. Ẹ rántí èyí nígbà tí olóṣèlú bá ní òun fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn fún ilé-ìwé yín kó tó di ìdìbò.

Àwa tí a ti ilé-ìwé Àpápá, Ajégúnlẹ̀ àti àwọn erékùṣù òdìkejì omi ní Èkó jáde ni mo ń bá wí. Ọmọ tó dàgbà sí Snake Island, tó kọjú sí èbúté Tin Can, kò lè dé LASU tàbí UNILAG láìwọ ọkọ̀ ojú omi. Bó bá jáde tán tó ríṣẹ́, ó ti ní ilé-ìwé méjì tó yẹ kó bojú wẹ̀yìn wò, ti ibi tó ti kọ́ ABD àti ti ibi tó ti gba dìgírì.

Ẹ má sì dúró de olówó. Igba ènìyàn nínú sẹ́ẹ̀tì kan, bí kálukú bá ń dá ₦1,000 lóṣù, ₦2,400,000 ni lọ́dún. Télọ̀ á lè dá a, nọ́ọ̀sì á lè dá a, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù náà á lè dá a. Yunifásítì Yale ti ń gba irú owó ọdọọdún bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti 1890. Lọ́dún 1995, Oseola McCarty, ìyá afọṣọ ní Mississippi, tí kò kọjá ìwé kẹfà, ya dọ́là 150,000 sọ́tọ̀ fún Yunifásítì Southern Mississippi, owó tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tù jọ nídìí aṣọ àwọn ẹlòmíràn.

Ibi tó ti ń bà jẹ́ fún wa ni ìṣirò. Ẹ ti rí pátákó yẹn rí, “Ẹ̀bùn Sẹ́ẹ̀tì 1998”, tí wọ́n kàn mọ́ ara táǹkì omi. Ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ, omi ò jáde. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ti jó, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò tún un ṣe, torí owó ìgbẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n dá, wọn ò ro ti àtúnṣe. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn olùkọ́ ohun tó ń dùn wọ́n. Ní erékùṣù, ó lè jẹ́ láìfù jákẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ tó ń wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́, ìyẹn á sì wúlò ju géètì aláràbarà lọ.

Bó bá jẹ́ ilé-ìwé girama ìjọba ní Ajégúnlẹ̀ tàbí Snake Island, ẹ dé ọ́fíìsì Education District V ní Àgbójú kí ẹ tó to búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù. Ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, kí owó wà ní báńkì lórúkọ ẹgbẹ́, kí ènìyàn mẹ́ta máa buwọ́ lù ú. Kí akápò gbé iye tó wọlé àti iye tó jáde síta lóṣooṣù, ìbáà jẹ́ ₦500. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí ẹ bá kọ lẹ́tà sí ní Àpápá, ìwé wọ̀nyí ló máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ má fojú sọ́nà fún TETFund, owó ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ gíga o, yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ìjọba lowó yẹn wà fún.

Àwọn yunifásítì náà ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gba owó ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde lọ́wọ́ ọmọ nígbà tó ń sáré kiri lórí ìwé-ẹ̀rí. Rìsíìtì ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ nípa ẹgbẹ́ náà, òun náà ló sì máa ń jẹ́ ìkẹyìn. Ẹ pe ọmọ náà wá bá àwọn àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ bi í bóyá ó lè gba ọmọ méjì fún ìkọ́ṣẹ́ IT. Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọmọ kan sọ́nà kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi owó ṣe.

Ọ̀gá ilé-ìwé tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ SS3 tó wà níwájú rẹ̀ báyìí. Kó gba nọ́ńbà fóònù tiwọn, kó tún gba ti ìbátan méjì-méjì mọ́ ọn, torí ọmọ ọdún méjìdínlógún lè pààrọ̀ síìmù lẹ́ẹ̀mẹta kó tó pé ogún ọdún. Kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó tún tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí gbogbo rẹ̀ sì parí kí ìdánwò WAEC tó bẹ̀rẹ̀.