Ìkésíni Tí Ẹnì Kankan Kò Fi Ránṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí ẹlòmíràn, nítorí pé orí fóònù ló dá lé. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á lọ.

Ìyá kan nínú ìjọ wa ń ṣiṣẹ́ òru ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó tò lọ rẹrẹ ní òpópónà Ọba Akran, n'Ìkẹjà. Bó bá fi máa padà dé ilé rẹ̀ l'Agége láàárọ̀, oorun nìkan ni ara rẹ̀ ń béèrè. Kò sì lè pa fóònù rẹ̀, nítorí pé ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé lọ́nà jíjìn. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìkésíni mẹ́tàdínlógún ló wọlé sórí fóònù náà kó tó di ọ̀sán. Àwọn kan ní kó wá bá àwọn ta géèmù. Àwọn kan ní kó wá wo bí ₦10,000 ṣe ń di ₦20,000. Gúrúùpù àdúrà mẹ́ta fà á wọ inú wọn láìbi í léèrè. Ohun tó dùn ún jù ni pé orúkọ díákónì wa ló wà lórí méjì nínú àwọn ìkésíni géèmù náà. Mo bi díákónì. Ó ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ òun. Mo gbà á gbọ́, nítorí òtítọ́ ló sọ.

Bó ṣe ń rí nìyí. Nígbà tí ẹ bá gbé áàpù kan sórí fóònù, yóò béèrè bóyá kí òun wo àwọn orúkọ àti nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Àwa a tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" kíákíá, bí ẹni tó ń sáré lé dánfó tó ti ń lọ. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà pásítọ̀, ti onílé, ti mẹkáníìkì Ọ̀gbà, gbogbo rẹ̀ ti di tiwọn. Wọn á wá máa kọ lẹ́tà ní orúkọ yín sí àwọn tí ẹ kò ní ohunkóhun í bá sọ. Èmi tí mò ń kọ èyí náà jẹ̀bi. Àna mi àgbà ló pè mí lọ́jọ́ kan pé ta ni mo ní kó wá bá mi ta ayò orí fóònù.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2009, ilé-iṣẹ́ Zynga gbé géèmù oko dídá kan tí wọ́n ń pè ní FarmVille jáde lórí Facebook. Nígbà tó fi máa di 2010, àwọn tó ń ṣe é lóṣù ti lé ní mílíọ̀nù 80. Àgbàlagbà tí kò fọwọ́ kan ọkọ́ rí á máa bẹ gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun tọ́jú oko! Ariwo pọ̀ débi pé Facebook fúnra rẹ̀ ní láti dín àwọn ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kù lọ́dún náà. Ní 2015, ilé-iṣẹ́ LinkedIn gbà láti san mílíọ̀nù 13 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ tí àwọn tó ń lò ó pè é l'Amẹ́ríkà, pé ó ń kọ ìwé ìránnilétí léraléra sí àwọn ojúlùmọ̀ wọn ní orúkọ wọn. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é kò lé. Ìpolówó ọjà wọ́n. Ènìyàn á sì ju ìwé àjèjì nù, ṣùgbọ́n bó bá rí orúkọ ẹni tó mọ̀, yóò ṣí i. Orúkọ rere yín ni wọ́n ń ná.

Ẹ má rò pé géèmù ló mọ sí. Ẹ̀bá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, l'Ọ̀pẹ́bì, n'Ìkẹjà, ni àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, FCCPC, pẹ̀lú ICPC àti NITDA, ti ya wọ ọ́fíìsì àwọn tó ń fi áàpù yá ènìyàn lówó ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, 2022. Àwọn áàpù owó yíyá wọ̀nyí a kọ́kọ́ kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù. Bí ẹni tó yáwó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó san án, wọn a ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọ̀ pé olè ni. Mo mọ arákùnrin kan tó yá ₦20,000. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi pẹ́. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ló gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé gbájú-ẹ̀ ni. Oṣù méjì ni kò fi wá sí ìsìn. Lóòótọ́, ìjọba kò dákẹ́: NITDA ti bu owó ìtanràn ₦10,000,000 lé ọ̀kan nínú wọn lórí ní 2021, Google náà sì fòfin dè é ní 2023 pé áàpù owó yíyá kankan kò gbọdọ̀ wo orúkọ inú fóònù mọ́. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ti bà lórúkọ jẹ́, ta ni yóò bá a kó ọ̀rọ̀ náà kúrò létí ènìyàn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan wá gan-an nìyí. Nígbà tí MMM dé, áàpù kankan kò fi tipá ka orúkọ inú fóònù ẹnikẹ́ni. Àwa fúnra wa la ń pe ara wa lẹ́yìn ìsìn, nítorí ẹni tó bá mú ẹlòmíràn wọlé máa ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tí onítọ̀hún bá mú wá. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, 2016, wọ́n ti ilẹ̀kùn owó náà pa mọ́ ènìyàn lójú nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ méjìlá. CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹrin, 2025. Díákónì lè sọ pé ẹ̀rọ ló fi ti géèmù ránṣẹ́. Kí ni ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe opó wá sínú CBEX yóò sọ? Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Mo ti rí opó bẹ́ẹ̀, orí ìjókòó kan náà lòun àti ẹni tó pè é jọ ń jókòó lọ́jọ́ ìsinmi.

Ẹ ṣí ìwé Nehemáyà, orí kẹfà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Sáńbálátì àti Géṣémù ránṣẹ́ sí i pé kó wá bá àwọn pàdé ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ónò. Ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló dá wọn lóhùn bákan náà, pé iṣẹ́ ńlá wà lọ́wọ́ òun. Kò bú wọn, kò sì ṣàlàyé rẹpẹtẹ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, lẹ́tà tí wọn kò lẹ̀ ni wọ́n fi rán ìránṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè ka ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Nígbà tí mo rántí àtẹ̀jíṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn akọrin wa, mo ní àwọn ará yìí ti wà tipẹ́. Nehemáyà sẹ́ ẹ̀sùn náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbàdúrà, ó padà sídìí odi rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village ló bá ìyá wa tún tirẹ̀ tò. Nínú ètò WhatsApp, níbi tí wọ́n kọ "Privacy" sí, lẹ́yìn náà "Groups", ó sé e kí ẹni tí ìyá kò mọ̀ má lè fà á wọ gúrúùpù mọ́. Ó dí àwọn ìkésíni géèmù lórí Facebook. Ó kọ "STOP" ránṣẹ́ sí 2442, nọ́ńbà tí àjọ NCC là sílẹ̀ fún àwọn tí kò fẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Díákónì náà yọ géèmù tirẹ̀ kúrò, ó sì fi odindi ọ̀sán ọjọ́ Sátidé pe àwọn tí orúkọ rẹ̀ ti yọ lẹ́nu, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó pe ìyá wa, kò gbé e. Ó ń sùn.